Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Kó Tó Bí, Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Lẹ́yìn Tó Bí

Láyé àtijọ́, ní Ìjerò, Àràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, obìnrin tó bá bímọ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Oko tirẹ̀ ni, ọjà tirẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ á wá bá a gbé, á máa gbé omi kaná, á wẹ ọmọ, á fi aṣọ gbígbóná tẹ ìyá ọmọ níkùn. Ìgbà tí iléèwé, ọsibítù àti kánsù dé, tí owó oṣù dé, ni ìbéèrè tuntun jáde: ta ni yóò sanwó ọjọ́ tí ìyá ọmọ ò wá síbi iṣẹ́?

Ọdún 1919 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, jókòó lé e lórí ní Washington. Wọ́n ní kí aboyún lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 kó tó bímọ, kó má sì ṣiṣẹ́ rárá fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bá bí. Wọ́n tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé, ó lọ́kọ o, kò lọ́kọ o, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 gba ọ̀sẹ̀ 6 àti 6 náà wọlé sí abala 54. Ti ìṣáájú ń fẹ́ ìwé dókítà. Obìnrin tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Tó bá padà dé tó ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni tirẹ̀. Ìdajì owó, lásìkò tí ìnáwó ń di ìlọ́po! Àfàìmọ̀ kí ẹni tó kọ ọ́ má tíì ra ìlédìí rí. Ní 2014, Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀ ní oṣù 6 fún ìbí méjì àkọ́kọ́, owó wọn ò sì dín.

Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, níbí ní Èkìtì, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lé ọlọ́pàábìnrin kan. Kí ló ṣe? Ó lóyún, kò sì lọ́kọ. Ìlànà wọn, nọ́ńbà 126, fún èyí tó lọ́kọ ní ìsinmi ìbímọ. 127 ní kí wọ́n lé èyí tí kò lọ́kọ. Ọdún 102 lẹ́yìn Washington nìyẹn o. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́, adájọ́ sì ní ìlànà náà ta ko òfin ilẹ̀ wa, kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún un.

Ìyá tó ń yan gààrí fúnra rẹ̀ l'Ìjerò ò ní ọ̀gá, abala 54 ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan tí a mọ̀ ní Àràmọkọ ní ọ̀gá ní tirẹ̀, iléèwé aládàáni. Nígbà tó bímọ, wọ́n ní kó lọ sinmi, wọn ò dárúkọ owó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti padà síwájú pátákó, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀. A sọ fún un pé kó béèrè ìdajì owó rẹ̀. Ó ní wọn ò fún òun níwèé ìgbàsíṣẹ́ kankan, báwo lòun ṣe fẹ́ fi hàn pé òun ti lo oṣù 6?