IBI TÍ IGI Ẹ̀GẸ́ INÚ OKO WA TI WÁ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó ń mu gàrí béèrè ibi tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, nítorí ó kan ohun kan tí ó ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gẹ́ kò ṣẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn Potogí ni ó gbé e láti Brazil wá sí etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ó ní oró nínú, ó sì pẹ́ kí ó tó di oúnjẹ gbogbo ilé. Àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó kọ́ wa bí a ti ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì ń yan án di gàrí.

Ní ọdún 1894 ni a kọ́kọ́ kọ nípa àrùn ewé ẹ̀gẹ́ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ewé a ní àbàwọ́n, a ká kò. Gbòǹgbò a sì kéré. Kòkòrò funfun tíntín ni ó ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà ń gbé e kiri láìmọ̀: ẹni tí ó gé igi ẹ̀gẹ́ tí ń ṣàìsàn fún ará rẹ̀, àrùn ni ó fi ta á lọ́rẹ.

Ní àwọn ọdún 1930, H. H. Storey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amani, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, ń wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn náà kò lè borí. Nígbà tí wọn kò rí èyí tí ó tó, wọ́n yíjú sí ìbátan rẹ̀, igi rọ́bà Ceará, tí a mú wá láti Brazil nítorí oje rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n so òun àti ẹ̀gẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń tún ọmọ wọn so mọ́ ẹ̀gẹ́ léraléra, títí gbòǹgbò rẹ̀ fi di jíjẹ.

Ní àwọn ọdún 1950, hóró láti Amani dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Hóró ni a kó, a kò kó igi, nítorí àrùn náà kì í bá hóró rìn. Nínú èyí tí ó hù ni a ti ṣa 58308. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í ta púpọ̀.

Ní ọdún 1967 ni a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé ibẹ̀. Ó so 58308 mọ́ ẹ̀gẹ́ Brazil tí ń ta dáadáa, TMS 30572 sì jáde, èyí tí àgbẹ̀ gbà káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn joyè Séríkí Àgbẹ̀.

Ẹ kíyèsí i: igi tí a kò mú wá fún oúnjẹ ni ó gba oúnjẹ wa là. Kí ni àwa náà ń sọnù nísinsìnyí? Èsúrú, òtílí àti ẹ̀pà-rorò tí ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ń dínkù. IITA ní irú ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 nínú ilé òtútù. Ìjọba sì dá NACGRAB sílẹ̀ ní Moor Plantation ní 1987 láti máa tọ́jú irúgbìn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò fi síbẹ̀, wọn kò lè bá wa tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn àtijọ́ wá sí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀, kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀, ilé tí ó ti wá, bí a ti ń gbìn ín àti bí a ti ń sè é. Kí a pín in: apá kan fún ilé ìtọ́jú, apá kan fún oko. Ẹ̀yin tí ń bẹ lókè òkun, ẹ má ṣe fi irúgbìn pamọ́ sínú àpò wọlé láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn lè bá a wọlé. Ẹ bá wa kọ orúkọ èyí tí ẹ bá rántí ránṣẹ́, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.