Àwòrán Eyín àti Ẹ̀rù Rẹ̀

Bí oníṣègùn eyín ní Abidjan bá ní kí ọmọ Èjìgbò tí ń ṣòwò ní Treichville lọ ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní radio, ẹ̀rù lè ba onítọ̀hún. Ẹ̀rù náà kò ṣàìnídìí.

Ní ọdún 1895 ni Röntgen ará Jámánì rí ìtànṣán tí ń la ẹran ara kọjá. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín, fi ya eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi dùbúlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Edmund Kells fi ń dán ẹ̀rọ wò. Jẹjẹrẹ mú ọwọ́ náà: a gé ìka, a gé ọwọ́, a gé apá. Ó kú ní 1928. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ṣùgbọ́n lónìí, yíya eyín kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtànṣán tí ń wọ ara kò sì ju èyí tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún ènìyàn lóòjọ́. Kí aláìsàn má ṣe sá. Kí ó béèrè ìdí tí a fi fẹ́ yà á, kí aboyún sọ pé òun lóyún, kí a sì mú àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́, kí a má baà ya eyín kan lẹ́ẹ̀mejì lásán.