Ìwé Nìkan Kọ́ Ni Ilé Ìkàwé

Tọ́rọ̀ ilé ìkàwé bá délẹ̀, owó ìwé la máa ń dá. Ta ló máa to ìwé ọ̀hún? Ta ló máa fi han ọmọ wa ibi tó wà?

Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́. Ní 1944, Achimota ní Gold Coast ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lọ kọ́ṣẹ́ ilé ìkàwé. Ní 1953, UNESCO pe ìpàdé lórí ilé ìkàwé ìlú ní Áfíríkà sí Ìbàdàn. Nígbà tó di 1960, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú owó Carnegie láti Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sọdá ilẹ̀ òkèèrè ti sún mọ́ wa. Ẹni tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ á dé Ìbàdàn kọ́sàn-án tó pọ́n. LAUTECH wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, Ajayi Crowther wà l'Ọ́yọ̀ọ́. A lè bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìkàwé wọn kí wọ́n kọ́ tiwa.

Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ nínú owó ìwé fún ẹ̀kọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìwé. Kí lẹ rí sí i?