Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara wa lólobó lórí kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1988, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Robert Morris, tú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà rú. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba dá CERT sílẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon, kí ìròyìn lè máa dé ojú kan.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni ń bẹ̀rù ìtìjú àti ẹjọ́. Ní 1998, Ààrẹ Clinton rọ̀ wọ́n láti máa ta ara wọn lólobó. Ní 1999, àwọn báńkì dá FS-ISAC sílẹ̀. Òfin 2015 sì dáàbò bo ilé iṣẹ́ tó bá sọ ohun tó rí.

Ọdún 27 ló gbà wọ́n. Owó tiwa náà ti wà nínú fóònù báyìí, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá dákẹ́, ilé kejì lolè ń lọ.