Gíláàsì Ìjàpá: Iṣẹ́ Fèrèsé àti Ìṣẹ́tí Volkswagen Àtijọ́

Okùn kan tí kò nípọn tó pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń gbé gíláàsì iwájú wọ ara Volkswagen àtijọ́, mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo tí Yorùbá fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Kò sí nọ́ọ̀tì tó di gíláàsì yìí mú, kò sì sí gọ́ọ̀mù bíi ti mọ́tò òde òní. Rọ́bà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Poro gígùn méjì ló wà lára rọ́bà náà, bí poro tó wà láàárín ebè: ọ̀kan gba etí gíláàsì, èkejì gba etí irin bọ́dì. Bí mọ́tò bá wá ní irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí fèrèsé ká bí ìṣẹ́tí aṣọ, rọ́bà rẹ̀ máa ń ní poro kẹta lójú òde tí ìṣẹ́tí náà ń wọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú Ìjàpá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di oṣù Kẹta 1953, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, irin kan sì dá wọn láàárín. Lẹ́yìn náà ló di ẹyọ kan tó rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1957, ilé iṣẹ́ Wolfsburg ní Jámánì sọ ọ́ di onígun mẹ́rin tó fẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 1964, wọ́n tún fẹ gbogbo fèrèsé lójú, tiwájú, tẹ̀yìn àti tẹ̀gbẹ́. Ìjàpá 1303 tó jáde ní 1972 wá gba gíláàsì iwájú tó tẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìjàpá mìíràn kò lè wọ gíláàsì yẹn láéláé.

Ti Bràsíìlì ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá níbẹ̀. Wọ́n ṣe é láti 1959 di 1986, Ààrẹ Itamar Franco sì mú kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1993 di 1996. Ní gbogbo àkókò yìí, bọ́dì àtijọ́ tí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré ni wọ́n ń lò. Fusca tí wọ́n ṣe ní 1995 lè fẹ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó bá ti Jámánì 1960 mu. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò nìkan kò tó. Tepù ni kí èèyàn fi wọn ojú fèrèsé kó tó náwó. Ìkìlọ̀ yìí kan àwọn tó ṣì ní Ìjàpá ní Nàìjíríà pẹ̀lú, níbi tí Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó ní 1975.

Oríṣi gíláàsì méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi iná mú gbóná tí wọ́n sì fi atẹ́gùn tù lójijì ni ti ẹ̀gbẹ́. Bó bá fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń dà. Èkejì jẹ́ awẹ́ méjì tí ike tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ láàárín. Édouard Bénédictus, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló rí ọgbọ́n yìí ní 1903, nígbà tí ìgò kan já lọ́wọ́ rẹ̀, tó sán ṣùgbọ́n tí kò tú ká, nítorí ohun tó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Àwọn Ìjàpá kan ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú irú àkọ́kọ́ níwájú. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, irú kejì ni kó rà. Ojú àti ẹ̀mí ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn.

Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Abẹ́ rọ́bà àtijọ́ ni irin ti ń dógùn-ún, pàápàá ní igun ìsàlẹ̀ tí omi ń dúró sí. Ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi gé rọ́bà tó ti gan kúrò. Sukudíráfà tí wọ́n bá fi já a lè sán etí gíláàsì. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n ha etí irin náà títí yóò fi funfun, kí wọ́n jó ibi tó ti lu, kí wọ́n kun ún, kí ọ̀dà sì gbẹ dénú. Páńẹ́lì-bítà tó bá fi pọ́tì dí ibẹ̀ kàn fi àárẹ̀ pamọ́ ni. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, omi tó bá ti fèrèsé ẹ̀yìn jò wọlé á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, á jẹ irin tó gbé bátìrì dúró.

Rọ́bà tuntun máa ń le. Wọ́n á fi sínú oòrùn tàbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kó rọ̀, wọ́n á wá fi yí gíláàsì ká lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ìgbà yìí gan-an ni ìṣẹ́tí ń wọlé, kí gíláàsì tó dé ara mọ́tò. Alumíníọ̀mù ni, ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ ẹ́, ibi tó bá sì ti ká kì í dán gbọọrọ mọ́. Omi ọṣẹ ni wọ́n ń fi sínú poro, wọ́n á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹnu ìṣẹ́tí méjì bá ti pàdé, ìdè kékeré kan á bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi gírísì rọ́pò ọṣẹ, nítorí ó ń ba rọ́bà jẹ́.

Okùn ló kàn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú poro tó kù yí po, orí rẹ̀ méjèèjì á kọjá ara wọn láàárín ìsàlẹ̀, á sì wà nínú mọ́tò. Ẹnì kan á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì láti ìta. Ẹnìkejì tó jókòó nínú á máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde, ètè rọ́bà á máa fò kọjá etí irin, á máa dún pọ́, pọ́, pọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè á gbẹ̀yìn. Ẹni ìta ní láti tẹ ibi tí okùn wà gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn, kó sì fọwọ́ gbá a níbi tó bá ti rọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹni inú bá kánjú fà á nígbà tí ẹni ìta kò tíì tẹ̀ ẹ́, okùn á ya rọ́bà.

Ilẹ̀kùn ní ọ̀nà tirẹ̀. Gíláàsì ibẹ̀ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi aṣọ onírun tẹ́, rọ́bà fífẹ́lẹ́ sì ń nu omi lára rẹ̀. Síbẹ̀ omi díẹ̀ á wọlé; ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló gbọ́dọ̀ là kó lè jáde. Ike tó wà lẹ́yìn páálí inú ilẹ̀kùn, tí àwọn mẹkáníìkì kan ń sọnù, ni kò jẹ́ kí omi ba páálí náà jẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnì kan á wọnú mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnìkejì á gbé họ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń jò gan-an. Ẹni inú á gbé àga ẹ̀yìn sókè, á fi ìka kan abẹ́ bátìrì. Bí ìka náà bá gbẹ, wọ́n lè dá àga padà sáàyè rẹ̀.