Ọgọ́rùn-ún Ebù, Igba Orúkọ: Ẹbí Iṣu Lójú Onímọ̀ Ewéko

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebù, tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Onífọ́nnu ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ kan mu tí àwọn tó pa á kò ní lọ́kàn, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko tí wọ́n ti ń ka ẹ̀yà iṣu láti ohun tó lé ní 250 ọdún, tí iye tí wọ́n ń kà sì ń lọ sókè sódò bí wọ́n ṣe ń rí i pé ohun kan ṣoṣo nínú igbó ló ń jẹ́ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé.

Ìtàkùn ni iṣu kó tó di oúnjẹ, Dioscoreaceae sì ni orúkọ ẹbí tó wà nínú rẹ̀. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi orúkọ Dioscorea sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1753 láti fi bu ọlá fún Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ tó kọ̀wé lórí egbòogi, Robert Brown sì fún gbogbo ẹbí náà lórúkọ lọ́dún 1810. Nínú ìmọ̀ yìí, ẹ̀yà ni àwùjọ ewéko tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè bá ara wọn bímọ tí ọmọ náà yóò sì tún bí. Ìran ni àkójọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti orísun kan ṣẹ̀. Ẹbí sì ni àkójọ àwọn ìran. Nígbà tí wọ́n bá ń pe ewéko lórúkọ, ìran ló ń ṣáájú, ẹ̀yà a sì tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé iṣu funfun tí Yorùbá ń gún níyán ni Dioscorea rotundata, ewùrà ni Dioscorea alata, èsúrú ni Dioscorea dumetorum, nígbà tí ẹ̀mìnà, tó ń so iṣu sára ìtàkùn lókè, jẹ́ Dioscorea bulbifera. Ànàmọ́ àti kókò kò bá wọn tan rárá, bí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ti ń pe ànàmọ́ ní iṣu lọ́jà wọn kò sọ ọ́ di ọ̀kan nínú ẹbí náà.

Ewé iṣu nìkan tó láti da ojú akẹ́kọ̀ọ́ rú. Inú ẹgbẹ́ àwọn ewéko tó ń mú ewé kan ṣoṣo jáde láti inú irúgbìn ni iṣu wà, bí àgbàdo, ọ̀pẹ àti àlùbọ́sà, ewé àwọn wọ̀nyí sì sábà máa ń ní iṣan gbọọrọ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ewé iṣu fẹ̀ nídìí, ó ṣóńṣó lẹ́nu, àwọn iṣan kéékèèké rẹ̀ sì hun mọ́ra bí àwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ti ewé inú ẹgbẹ́ kejì tó ń mú ewé méjì jáde láti inú irúgbìn. Ìtàkùn rẹ̀ kò ní ohun tí yóò nà síwájú láti fi di igi mú bí ti elégédé. Ara rẹ̀ gan-an ló fi ń lọ́ mọ́ igi, kì í sì í ṣi ọ̀nà lọ́, nítorí pé ọ̀tún ni ewùrà àti iṣu funfun máa ń lọ́ sí, òsì sì ni ti èsúrú àti ẹ̀mìnà. David Prain àti I. H. Burkill, tí iṣẹ́ ńlá wọn lórí iṣu ilẹ̀ Éṣíà jáde ní 1936 àti 1938, fi àmì yìí kún àwọn tí wọ́n fi pín ìran Dioscorea sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un, torí ojú lásán ló ń fẹ́, kò gba ẹ̀rọ kankan. Wọ́n tún ń wo ara ìtàkùn: ti ewùrà ní igun mẹ́rin pẹ̀lú ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní igun kọ̀ọ̀kan, ti iṣu funfun rí róbótó, nígbà tí èsúrú fara hàn láti òkèèrè nítorí ewé rẹ̀ tó pín sí mẹ́ta lórí igi ewé kan.

Bí àwọn àmì bá ṣe kedere tó báyìí, kí ló wá ń fa àṣìkà? Ìdí rẹ̀ wà lára iṣu fúnra rẹ̀. Nínú ìran Dioscorea, ìtàkùn tó jẹ́ akọ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ abo. Akọ a yọ òdòdó wẹ́wẹ́ tí kì í di èso, abo a sì so èso onígun mẹ́ta tó ń là nígbà tó bá gbẹ, kí atẹ́gùn lè gbé irúgbìn oníyẹ̀ẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ká akọ ní ibì kan, tí ẹlòmíràn sì ká abo ní ibòmíràn, lè fún ohun kan náà ní orúkọ méjì láìmọ̀. Ewé gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ bébà ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀rí, irú èyí tí wọ́n kó pamọ́ sí Kew ní Lọ́ńdọ̀nù àti sí ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, iṣu tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́ bébà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí àgbẹ̀ fi ń dá iṣu mọ̀ jù lọ ni kì í sí níwájú onímọ̀ nígbà tó bá ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ewùrà àti ẹ̀mìnà ló jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n tàn ká ilẹ̀ púpọ̀, gbogbo ibi tí wọ́n dé ni wọ́n sì ti gba orúkọ tuntun tí àwọn tó dé lẹ́yìn wá ń pa rẹ́.

Irúfẹ́ àṣìkà mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ìran, kì í ṣe ti ẹ̀yà. Ìtàkùn kan wà ní Yúróòpù tó ń so èso pupa tó lómi nínú. Nítorí èso yìí ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀, tí wọ́n pè é ní Tamus. Àwọn kan tún wà ní Kúbà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, tí èso wọn ní ìyẹ́ kan péré, wọ́n sì pe àwọn náà ní Rajania. Lọ́dún 2002, Lizabeth Caddick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò ara ewéko, wọ́n sì rí i pé àárín Dioscorea gan-an ni àwọn wọ̀nyí ti ṣẹ̀, wọ́n sì dá wọn padà síbẹ̀. Ìran mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú ẹbí náà: Dioscorea, tí ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 600, àti Tacca, Trichopus pẹ̀lú Stenomeris, tí òdòdó wọn ní akọ àti abo pọ̀, tí iye wọn kò sì tó nǹkan.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ebù tí òwe náà dárúkọ. Iṣu tí ènìyàn ń jẹ kì í ṣe gbòǹgbò gidi, kì í sì í ṣe igi ìtàkùn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ló wú, tó sì wọlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gé e, ègé tí èèpo bá wà lára rẹ̀ yóò dá ojú tuntun sílẹ̀, yóò sì hù láìsí pé akọ bá abo pàdé. Nítorí náà, ẹni tó gé ebù irú iṣu kan, bí Àmúlà, sínú ọgọ́rùn-ún ebè kò gbin ọgọ́rùn-ún ọmọ, iṣu kan ṣoṣo ló gbìn sí ọgọ́rùn-ún ojúkò, nítorí pé àjogúnbá kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Lójú onímọ̀ ewéko, olóòótọ́ inú òwe náà pàápàá ti ka ẹyọ kan ní ọgọ́rùn-ún.

Iṣu funfun àti iṣu pupa tí àwọn kan ń pè ní igángán ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lamarck ti pe èyí tí inú rẹ̀ pupa ní Dioscorea cayenensis, Poiret sì pe funfun ní rotundata lọ́dún 1813, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi so orúkọ méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì kà wọ́n sí ẹ̀yà kan. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ kò ṣì wọ́n mú rí: iṣu pupa ń pẹ́ nílẹ̀ ju funfun lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń wa á, nígbà tí wọ́n lè wa funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1992 fi hàn pé àjogúnbá ìhà ìyá wọn bára mu, àmọ́ ó dà bí ẹni pé ẹ̀yà inú igbó mìíràn ló ṣe baba fún iṣu pupa, ẹ̀rí sì ti wá gbe àgbẹ̀ lẹ́yìn pé wọ́n yàtọ̀ síra.

Ti orísun iṣu funfun kò tíì parí. Ìwádìí kan lọ́dún 2019 ní inú Dioscorea praehensilis, iṣu igbó dúdú, ni wọ́n ti mú un wálé ní agbègbè odò Ọya. Òmíràn lọ́dún 2020 ní àdàlù praehensilis àti Dioscorea abyssinica, iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn, ni. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wa iṣu igbó wá sí oko, wọ́n ń gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi rọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì rí i pé àwọn kan nínú iṣu bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó àti iṣu oko jọ bí.