Àwọ̀ Tuntun, Adùn Tuntun: Ohun Olówó Pọ́ọ́kú nínú Ìtàn Ọ̀fà

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn àgbà máa ń fi kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin òde òní, ní Ọ̀fà àti níbi gbogbo. Wọ́n ní ọmọ ayé ìsinsìnyí kò mọ̀ ju kó máa ra àwọ̀ ojú tuntun kiri lọ: ìtọ́tè pupa lónìí, èyí tó rí bí èsè àlùkò lọ́la, pankéèkì mẹ́ta tí kò jọra nínú àpò kan ṣoṣo. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni tíì. Lipton lásán kò tó wọn mọ́, àfi èyí tó ní jínjà, àfi èyí tó ní lẹ́mọ́ọ̀nù, àfi èyí tó pọ́n bí omi osùn. Ohun tó wà nídìí ẹ̀sùn náà ni pé àṣà àjèjì lèyí, pé àwọn ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Àwọn ìyá wa ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, àwọn ìyá tiwọn náà sì ti ṣe é ṣáájú wọn. Ìlú tó wà lójú ọ̀nà ni Ọ̀fà, ọjà láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú tó bá wà nírú ibẹ̀ kò ní ṣàì máa tọ́ nǹkan wò, pàápàá nígbà tí owó kékeré bá ti lè rà á.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó jẹ́ tiwa. Osùn ni ìyàwó fi ń para, osùn náà ni a fi ń para fún ìkókó àti ìyá rẹ̀. A ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó fi òrí tàbí àdí pò ó, ara á sì máa pọ́n dan. Ṣùgbọ́n igi inú igbó kìjikìji ni osùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀fà wà, ilẹ̀ igi òrí, kì í ṣe ilẹ̀ igi osùn. Pupa tó wà lára ìyàwó Ọ̀fà, ọjà tí wọ́n kó wá láti ìhà gúúsù ni. Tìróò ní tirẹ̀, òkúta dúdú tó ń kọ mànà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, Òkè Ọya ló ti ń wá, àwọn Hausa ló sì ń tà á. Làálì náà gba ọ̀nà yẹn wọlé, òun àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù jọ rìn ni, Ìlọrin tí kò jìnnà sí Ọ̀fà sì ni ẹnu ọ̀nà wọn. Tí a bá wá wo ìyàwó kan tó kun osùn, tó lé tìróò, tó tún lé làálì sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, tí a sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ ìbílẹ̀, ohun tó wà níwájú wa ni ọjà ìlú mélòó kan tó pàdé lára ènìyàn kan. Gbogbo wọn ni wọ́n ti jẹ́ tuntun rí lójú ẹni tó kọ́kọ́ rà wọ́n.

Ẹ̀rí tó wù mí jù lọ kò sí lójú ènìyàn rárá, orí ère ìbejì ló wà. Ẹni tó bá ti wo àwọn ère ìbejì ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní osùn lára, irun wọn sì dúdú tàbí kó jẹ́ búlúù. Aró ni wọ́n fi ń kun irun yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ Reckitt, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ọjà wa, àwọn ìyá ìbejì rí i pé ó mọ́ rekete, pé owó rẹ̀ kò pọ̀, pé kò sì sí wàhálà rírẹ aró mọ́. Wọ́n bá fi kun orí òòṣà. Ohun tí òyìnbó ṣe fún aṣọ funfun ni wọ́n gbé lọ síbi tó ṣe iyebíye jù lọ nínú ilé. Bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá kórìíra ohun tuntun, tàbí tí wọ́n bá gbà pé ohun olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ẹ̀gàn, ibẹ̀ kọ́ ni wọn ì bá ti dán an wò.

Bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe wá pọ̀ ní Ọ̀fà nìyí. Ní 1890, ogun Ìlọrin tú Ọ̀fà, àwọn ará ìlú sì fọ́n ká. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, borí Ìlọrin ní 1897 ni wọ́n ń padà wá tún ilé kọ́. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára jọ ni ojú irin bá. Rélùwéè tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo kọjá, nígbà tó sì di 1908 ó ti gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin. Mo rò pé kò sí ohun mìíràn tó yí ọjà Ọ̀fà padà tó èyí. Ohun tí ẹrú àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọkọ̀ ojú irin ń já a sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Iṣu àti oúnjẹ mìíràn ń lọ sí Èkó. Ọṣẹ, àtíkè, ìpara, dígí àti lọ́fínńdà ń bọ̀ láti Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fúnra wọn gbé adùn tuntun dé. Ẹ rántí pé akọ̀wé rélùwéè ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó dé Nàìjíríà ní 1913, kó tó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921 tó sì di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba búrẹ́dì. Búrẹ́dì àti tíì, ojú irin ló so wọ́n pọ̀ fún gbogbo ìlú tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Láti Òkè Ọya, àwọn máìṣáyì, àwọn tó ń ta tíì lójú pópó, gba ojú irin yẹn kan náà sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú kẹ́tùlù, tábìlì àti bẹ́ńṣì wọn.

Ọ̀rọ̀ máìṣáyì yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń kà á sí lọ. Wọ́n sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé kí wọ́n fi jínjà àti lẹ́mọ́ọ̀nù sínú tíì, pé ìpolówó ọjà ló ń ti àwọn ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, máìṣáyì ti ń se jínjà, kànáfùrù àti ewé mọ́ tíì nínú ìkòkò kan náà, ó sì ń dà á láti òkè sínú kọ́ọ̀pù títí yóò fi hó. Adùn yẹn ti wà lójú pópó kó tó wọ inú páálí ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó jẹ́ pé ohun ìbílẹ̀ nìkan ni ká máa mu, iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Koríko ọba tí a gbìn sẹ́yìn ilé, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, tí a ń sè fún ẹni tí ibà ń ṣe, Éṣíà ni ilé rẹ̀. Éṣíà náà ni jínjà ti wá. Kànáfùrù tí ìyá àgbà ń jẹ lẹ́nu, erékùṣù Indonéṣíà ló ti rìn wá. Ìṣápá nìkan ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà nínú gbogbo wọn, òun gan-an sì ni àwọn ọ̀dọ́ ń mu ní zobo, tí wọ́n fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti jínjà sí. Àwa Yorùbá ti ń fi ìṣápá se ọbẹ̀. Àwọn ará Òkè Ọya ló kọ́ wa pé a lè mu èyí tó pupa. Níbi tí ìwọ̀nyí pọ̀ tó báyìí, ta ni yóò wá jókòó máa ṣà àjèjì kúrò lára onílé?

Àwọn kan yóò gba gbogbo èyí, wọn yóò sì yí ọ̀rọ̀ síbòmíràn: ó dáa, kì í ṣe àjèjì, àmọ́ òfò owó ni. Kí ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní owó oúnjẹ ń fi ìtọ́tè mẹ́rin ṣe? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ti gbó. Ohun tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń sọ nípa àwọn obìnrin ọjà wa nìyẹn: wọ́n ní wọ́n pọ̀ jù, wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ kí ènìyàn jókòó ti ìwọ̀nba ìṣáná àti ṣúgà oníhóró. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Peter Bauer, kọ ìwé lórí òwò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1954, ó sì ta ko wọn. Ó ní kì í ṣe òfò rárá. Ẹni tó ń tú ọjà ńlá sí wẹ́wẹ́ ló ń jẹ́ kí tálákà lè rajà, torí ẹni tí kò ní owó páálí lè ní owó ẹyọ kan. Òwò wọ̀rọ̀bọ̀ gan-an nìyẹn, àwọn ọmọ Ọ̀fà sì mọ̀ ọ́n. Àwọn àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ìníṣà gbé irú òwò yìí dé Gánà, títí dé Tamale lápá àríwá, wọ́n sì ń ṣe é níbẹ̀ títí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fi ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, ní oṣù Kọkànlá 1969, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tó padà wálé bá òwò wọn lọ, ohun tí wọ́n sì mọ̀ dájú ni bí a ṣe ń ta díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ra ẹyọ tíì kan láti tọ́ ọ wò kò ṣòfò tó ẹni tó ra odindi páálí tí kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìtọ́tè olówó pọ́ọ́kú náà rí bẹ́ẹ̀: kí ọmọbìnrin tó mọ àwọ̀ tó bá awọ dúdú mu, yóò gbìyànjú èyí tí kò bá a mu.

Ọ̀rọ̀ awọ dúdú yìí gan-an ni àlàfo tó wà nínú ìtàn náà. Pankéèkì tí Max Factor gbé jáde ní 1938, àwọn òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà ló ṣe é fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó dé ọjà wa máa ń mú kí ojú obìnrin funfun bí ẹni tó ki orí bọ ìyẹ̀fun. Àwọn obìnrin kò jáwọ́. Wọ́n ń po méjì mẹ́ta pọ̀ títí yóò fi jọ ara wọn. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986 já náírà wálẹ̀, ohun tó ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n, ọjà wẹ́wẹ́ sì tún lágbára sí i. Ní 1998, Tara Fela-Durotoye, tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù ìyàwó tó di House of Tara, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọ̀ fún ojú tiwa tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Ní Ọ̀fà, Pólì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 ti kó ọ̀dọ́ wọ ìlú. Níbi tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí, tí wọn kò sì lówó púpọ̀, kò sí bí ọjà olówó pọ́ọ́kú kò ṣe ní gbèrú.

Àtakò kan ṣoṣo ló kù tí mo gbà tọkàntọkàn: ti ìlera. Ìpara tó ń bó awọ wà lọ́jà, làálì dúdú wà tí wọ́n fi àwọ̀ tí a fi ń kun irun dúdú pò tó ń sọ ọwọ́ ìyàwó di egbò, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, kò sì lè dúró sí gbogbo ìsọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi èyí yin ohun àtijọ́, kó rọra. Ní 2011, ní Boston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú, tó ti ilé wá, ni wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò: ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ òjé, 82.6 gan-an. Ohun tó wà lójú ọmọ náà kì í ṣe ìtọ́tè tuntun láti Ṣáínà o, ọ̀ṣọ́ ìyá àgbà ni, èyí tí àwọn Mùsùlùmí wa ń lé tayọ̀tayọ̀ nítorí pé wọ́n kà á sí súnnà. Pípẹ́ tí nǹkan pẹ́ lọ́wọ́ wa kò fi hàn pé ó dára, ìwọ̀n owó rẹ̀ kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ọmọ Ọ̀fà, kó fi ọ̀rọ̀ àṣà sílẹ̀ ná, kó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ìbéèrè yìí kò le láti dáhùn. Pólì Ọ̀fà ní ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n ra tìróò, làálì dúdú àti ìtọ́tè ní ọjà Owódé, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà náà ní èdè Yorùbá àti Hausa. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lé tìróò sójú ìkókó.